Eré Mọ́tò Tó Ń Gba Ilé Twila Kọjá

Brushy Fork,
North Carolina.
Mọ́ńdè, lẹ́yìn òjò.

Twila ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó ìlú ńlá, mo kí ọ kú ìfaradà ariwo, nítorí Hoyt aládùúgbò wa sọ fún mi pé ní Atlanta mọ́tò kì í sùn. Olúwa tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi yẹ̀ lórí àkàbà nígbà tí mo ń tún òrùlé ṣe, kò ní jẹ́ kí tìrẹ yẹ̀ lórí àwọn àtẹ̀gùn tó ń dá rìn fúnra wọn yẹn. Bí o bá ń ka ìwé yìí tí ara rẹ le, tí Preston ọkọ rẹ náà sì jẹun yó, a jẹ́ pé àdúrà mi ti ṣáájú ìwé mi dé ọ̀dọ̀ yín, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Èmi náà wà. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá dàgbà tó mi tí orúnkún rẹ̀ kò dùn ún, ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ti sin ín.

Ìwé ni mo kọ torí pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nígbàkígbà tí mo bá pè ọ́, ọmọbìnrin kan ló máa ń gbé e, á ní o kò sí nítòsí, á ní kí n sọ tẹnu mi bí mo bá ti gbọ́ tí nǹkan dún. Ọmọ náà níwà, kì í gbó mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí mo bá bi í pé ọmọ ta ni, kì í dáhùn. Àìmọye ìgbà ni mo ti rán an pé kó ní kí o pe bàbá rẹ. Bó bá jẹ́ pé owó lo ń san fún un, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, nítorí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ yẹn kì í jẹ́ iṣẹ́ tí mo bá rán an.

Ilé wà bó ṣe wà. Tòmátì so lọ́dún yìí títí ó fi sú mi, mo wá ń dà á sẹ́yìn mọ́tò àwọn èèyàn bí wọ́n bá wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ báyìí, ó sì fi wàásù pé ìlú ti bàjẹ́. Mo bá wọn ṣe àmín. Ajá Hoyt sá kúrò nílé rẹ̀, ó wá bímọ sábẹ́ ilé mi, Hoyt sì ní ọmọ tí ajá òun bá bí sábẹ́ ilé mi, èmi ni kí n máa bọ́ ọ. Mo tún ojú oórì ìyá rẹ ṣe, mo gé koríko ibẹ̀, mo fọ òkúta orí rẹ̀. Mo sọ fún un pé o wà dáadáa. Mi ò purọ́ fún un, àbí mo purọ́?

Ó dára. Ohun tó gbé mi dìde ni ọ̀rọ̀ eré mọ́tò, ìdíje àwọn awakọ̀ tí a máa ń wò lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Má rẹ́rìn-ín, Twila, jókòó kà á.

O rántí pé nígbà tí o wà ní kékeré, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń fi eré mọ́tò hàn. A ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìyá rẹ á gbé adìẹ díndín kalẹ̀, èmi á gun òrùlé lọ yí eríà tẹlifíṣọ̀n, ìwọ á dúró lójú fèrèsé, o ó máa ké pé Dádì ó ti mọ́, Dádì ó tún ti di yìnyín. Ìgbà mìíràn tó bá ti mọ́ pàápàá, o ó ní kò tíì mọ́, torí pé o fẹ́ràn kí n máa jó lórí òrùlé. Mo mọ̀. Mo kàn ń jó ni. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, Hoyt á ti gba àga mi, a ó fà á dìde, ìjókòó á sì bẹ̀rẹ̀. Ìwọ á wà láàárín èmi àti ìyá rẹ lórí àga gígùn yẹn, pẹ̀lú abọ́ ẹ̀pà sísè lórí ẹsẹ̀ rẹ, kò sí ẹni tó lè fi owó ńlá rà ọ́ kúrò níbẹ̀ títí wọn ó fi ju àsíá ìparí.

Ìyá rẹ ló dá òfin sílẹ̀ pé kí a pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, kí a tan rédíò. Ó ní àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n yẹn ń sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kì í gbà láyè lanu nílé. Ó gbé rédíò rẹ̀ pupa ka orí tẹlifíṣọ̀n, ojú wa ń wo àwòrán, etí wa ń gbọ́ rédíò, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe ń ṣe é láti ìgbà náà. Gbogbo òkè wa yìí ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò mọ̀ pé o kò rí nǹkan kan, nítorí náà ó ń bọ̀wọ̀ fún ọ, á ròyìn gbogbo rẹ̀ láti orí ẹni tó wà níwájú dé orí ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń rú èéfín lẹ́yìn pátápátá. Ti tẹlifíṣọ̀n rò pé o ti fojú rẹ rí i, á wá máa sọ ohun tó jẹ láàárọ̀ fún ọ.

Ṣùgbọ́n ní báyìí, ọmọ mi, wọ́n ti pín eré náà bí ogún bàbá tí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí òtútù bá ń mú lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ló wà. Bí òdòdó bá yọ, ẹlòmíràn ti gbà á. Bí ooru bá dé, á bọ́ sínú íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí eríà mi kò lè nawọ́ dé bí mo tilẹ̀ jó lórí òrùlé di alẹ́. Bí ewé bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, wọn á tún gbé e lọ sí ibòmíràn tí a ti ní láti san owó tuntun. Ọkùnrin kan ní ìsàlẹ̀ odò ń jí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, á kọ́kọ́ wá ibi tí eré wà kó tó wá bàtà rẹ̀.

Ní ilé epo tí a ti ń mu kọfí láàárọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. O mọ Maxine Cobb, opó tó ń gbowó níbẹ̀, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá rẹ. Hoyt ní ohun tó ń bí òun nínú jù ni ìpolówó. Ó ní bí mọ́tò méjì bá ti ń fẹ́ já ara wọn sílẹ̀ báyìí, wọn á ká eré náà lọ sí igun kan, á kéré bí sítáǹbù, oògùn àìrígbẹ́yà á sì gba gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n. Maxine ní kí Hoyt yé ṣe aláìmoore, ó ní oògùn yẹn gan-an ló ń wá kiri láti ọdún tó kọjá. Hoyt ní bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà wọn kò mọ̀ ju ẹni tó wà níwájú lọ, bíi pé àwọn tó wà lẹ́yìn kì í sun epo. Mo ní Hoyt, ó yẹ kó dùn ọ́, bó bá jẹ́ pé ẹni tó wà lẹ́yìn ni wọ́n ń yà, Colby Rudisill awakọ̀ tìẹ ì bá ti lókìkí ju Ààrẹ lọ. O mọ̀ pé Colby Rudisill yẹn kò borí rí láyé, ṣùgbọ́n Hoyt dé fìlà rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Maxine ní gbogbo wa ni orí wa kò pé, rédíò ló tó èèyàn, ó ní Ọlọ́run kò dá ojú fún wíwo mọ́tò tó ń yí lójú kan. Ìyẹn náà sì ni obìnrin tó ń bú awakọ̀ láti kíṣìnì mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí o gbé àpótí dúdú kékeré yẹn, tó ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, wá fún mi ní Kérésìmesì, tí o so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí o tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ sí i, tí o ní Dádì, eré ìgbà ooru kò ní kọjá rẹ mọ́. Mo fọwọ́ sọ̀yà nílé epo. Mo ní ẹni tó bá bímọ, kó wá wò ó.

Nígbà tí ooru dé, mo tan án. Ó kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ń wò, ó wá kó àwòrán orí mẹ́ta síwájú mi: Twila, Preston, Dádì. Tìrẹ jẹ́ òdòdó, ti Preston jẹ́ bọ́ọ̀lù, tèmi jẹ́ ẹranko kan tí irun bò lójú. Maxine ní ó jọ mí gan-an. Kò bí mi nínú, inú mi dùn pé wọ́n to orí mi mọ́ tìrẹ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n tó tẹ tèmi, mo máa ń kọ́kọ́ kí òdòdó rẹ. Mo ní Twila, o kú Sọ́ńdè.

Ohun kan ló yà wá lẹ́nu. Láyé eríà, àwòrán àti rédíò jọ máa ń rìn ni, bí ọkọ àti aya. Ṣùgbọ́n àwòrán àpótí rẹ ń rìn lẹ́yìn rédíò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò á ké pé mọ́tò ti forí sọ ògiri, a ó wo tẹlifíṣọ̀n, mọ́tò náà á máa lọ jẹ́jẹ́, kò mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá a. A lè bó ẹ̀pà bíi mẹ́ta jẹ kí àwòrán tó dé ibi tí rédíò wà. Hoyt ní ìran búburú ni. Èmi ronú sí i, mo sì mọ̀ ọ́n. Àkáǹtì yìí, tìrẹ ni. Orúkọ rẹ ló kọ́kọ́ ń jáde. Nítorí náà, ilé rẹ ni àwòrán náà kọ́kọ́ ń yà sí, o ó wò ó díẹ̀, o ó wá tì í sọ́dọ̀ wa, bí ìyá rẹ ṣe máa ń tọ́ ọbẹ̀ wò kó tó bù ú fún mi. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Hoyt. Kò bí mi nínú pé ó ń pẹ́, má rò bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ bẹ̀ ọ́ nígbà náà pé bí o bá ti rí ibi tó dùn, kí o yára díẹ̀, kí ẹ̀pà má tán.

Torí kí rédíò má ba eré jẹ́ fún wa, Maxine gbé e lọ sí kíṣìnì níbi tó ti ń se ẹ̀pà. Èṣù wá bá mi sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bu ẹ̀pà ní kíṣìnì nígbàkígbà, mo á dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, mo á padà wá, mo á di orúnkún mi mú, mo á ní Hoyt, orúnkún mi ń sọ fún mi pé Colby Rudisill máa fẹnu ko ògiri lẹ́nu kó o tó gbé èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ mì. Kó tó gbé e mì, ògiri náà á ti gbà á. Lọ́sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Hoyt mú òróró ìpara wá láti ilé, ó ní kí n fi pa orúnkún náà, ó ní bóyá bí ara bá tù ú, á sọ ohun tó dáa nípa Colby. Mo pa á. Twila, mo jókòó níbẹ̀, mo jẹ́ kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa á fún mi. Maxine ló tú àṣírí mi, ó yọrí ní kíṣìnì, ó ní Hoyt, àgbàlagbà ni ẹ́, orúnkún kì í gbọ́ rédíò. Hoyt mú òróró rẹ̀ padà sápò.

Bí eré bá ti pẹ́, àpótí náà á béèrè pé ṣé mo ṣì ń wò. Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Bí ìyá rẹ náà ṣe máa ń béèrè nìyẹn bí kò bá gbọ́ ohùn mi mọ́. Mo máa ń dáhùn sókè pé mò ń wò o, mi ò sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti sùn. Mo á wá tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó dùn mọ́ mi pé ẹnì kan ṣì ń béèrè.

Ibi tó bàjẹ́ sí nìyí. Ní Sọ́ńdè kan tí oòrùn ń ran bí iná, Hoyt ti jókòó, Maxine ti gbé ẹ̀pà kaná, mo tan án. Kò béèrè pé ta ló ń wò. Òdòdó rẹ kò jáde. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú, ó wá kọ ọ́ gàdàgbà pé tẹlifíṣọ̀n yìí kò sí lára agbo ilé ẹni tó ni àkáǹtì. Mo kà á. Mo bọ́ awò mi, mo nù ún, mo tún un kà. Mo wo Hoyt, Hoyt ń wo òkè àjà. Maxine jáde láti kíṣìnì, ó kà á, ó padà lọ sídìí ẹ̀pà rẹ̀.

Mo bi ara mi pé kí ni mo ṣe. Mi ò ronú jìnnà. Ti Àjíǹde ni.

Nígbà tí ẹ wá lọ́jọ́ Àjíǹde, tí Preston gbé mọ́tò oníná rẹ̀ tuntun wá, mo rìn yí i ká, mo ní kí ló dé tí kò fọhùn, ṣé ẹ bá a jà ni? Preston rẹ́rìn-ín. Mo ní fíríìjì tí wọ́n so táyà mọ́ ni. Preston tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ti kúrú. Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró. Ẹnu mi kì í mọ ibi tí bírékì wà. Nígbà tí ẹ ń dágbére, mo gbé garawa wàrà kíkan sẹ́yìn mọ́tò náà, mo tì í pa, torí pé bó bá jẹ́ fíríìjì, ibẹ̀ ló yẹ kí wàrà wà. Mo rò pé ẹ ó rí i ní ilé epo àkọ́kọ́ tí ẹ bá yà sí, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ta ló mọ̀ pé mọ́tò oníná kì í yà sí ilé epo? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, wàrà náà sì dà sínú mọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. O pè mí lọ́sẹ̀ kejì, o ní òórùn náà kò lọ, o ní Preston ń fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ síta ní ṣíṣí kí olè lè gbé e, olè kò gbé e. Mo rẹ́rìn-ín lórí fóònù. O kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni ọmọbìnrin yẹn ti ń gbé fóònù rẹ.

Twila, ó dùn mí. Sọ fún Preston pé mo ní ó dùn mí. Mo ti sọ fún ara mi pé mi ò ní pe mọ́tò náà ní fíríìjì mọ́. Mo á máa pè é ní mọ́tò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tutù.

Wo bí mo ṣe tún ṣe é. Má ka ìlà yẹn fún un.

Lọ́jọ́ tí tẹlifíṣọ̀n kọ ọ̀rọ̀ yẹn, Hoyt ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní Virgil, kì í ṣe Twila ló kọ ọ́, iléeṣẹ́ tó ni nǹkan náà ló fẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan máa san tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní báwo ni iléeṣẹ́ ṣe fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́ ti agbo ilé ẹni? Ṣé wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a bí ọmọ náà? Hoyt ní àti pé àwòrán náà ò gba ilé Twila kọjá rí, kò tiẹ̀ mọ̀ pé à ń wò, ó ní ó lè jẹ́ pé Twila ò wo eré kankan mọ́ láti ìgbà tí Oleta ìyá rẹ̀ ti kú. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Èmi ni mi ò fi pẹ̀lẹ́ dáhùn. Mo ní kí ni ìwọ mọ̀ nípa ọmọ, ìwọ tí ajá ẹ pàápàá sá wá bímọ sábẹ́ ilé onílé?

O mọ̀ pé Hoyt kò bímọ. O mọ̀ pé ó wù ú láti bí. Ó mú fìlà Colby rẹ̀, ó dé e, ó jáde. Maxine pa iná abẹ́ ẹ̀pà, ó ní Virgil Stamey, ká ní ọ̀bẹ ni ẹnu ẹ ni, wọn ì bá ti gbà á lọ́wọ́ ẹ tipẹ́. Òun náà lọ. Mo jókòó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n náà, mi ò pa á, torí mo ní bóyá o ó yí ọkàn padà.

Ní ọjọ́ kejì, mo ṣa tòmátì tó dáa jù nínú oko, mi ò fi pamọ́ sẹ́yìn mọ́tò ẹnikẹ́ni, ọwọ́ mi ni mo fi gbé e lọ síwájú ilé Hoyt. Ó jókòó síta. Mo ní ó jọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Hoyt gbójú sókè wo ojú ọ̀run, ó mọ́ kedere, kò sí ìkùukùu kan níbẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó jọ pé ó fẹ́ rọ̀. Ó gba tòmátì lọ́wọ́ mi, ó sún fún mi lórí àga. Ìwọ náà mọ̀ pé bí ọkùnrin ṣe ń tọrọ àforíjì níhìn-ín nìyẹn, kò sí òmíràn. Òjò náà sì rọ̀ lónìí, kò jẹ́ kí n di onírọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi wá nìyí. Mo ka ọ̀rọ̀ kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n náà, ó ní bó bá jẹ́ pé ilé kan náà ni, kí ẹni tó ni àkáǹtì dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n yìí, kó mú fóònù rẹ̀ jáde, kó fi jẹ́rìí. O rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o wá. Wá ní Sọ́ńdè tó ṣáájú Ọjọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, eré ńlá Darlington ni lọ́jọ́ náà, tó jẹ́ ààyò ìyá rẹ. Jókòó sí àárín, bó o ṣe máa ń jókòó, kí o wá sọ fún ẹ̀rọ náà lójú mi ẹni tí mo jẹ́ sí ọ. Hoyt ní eré Darlington kò tilẹ̀ sí nínú àpótí rẹ, ó ní ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló wà lọ́dún yìí. Mo ní kó panu mọ́, kí ló kàn án?

Mú Preston wá. Mo ti gbá àtíbàbà tí mo ń gbé katakata sí, mo gbé katakata síta sínú òjò, Hoyt sì ti fa wáyà iná wọ ibẹ̀, ó so ihò iná ńlá kan mọ́ òpó, èyí tí mọ́tò Preston lè fi mu iná yó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Hoyt, tó jẹ́ oníná, wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dára. Mo fi ọ̀dà kọ PRESTON sórí rẹ̀. Mi ò kọ nǹkan mìíràn sí i, Maxine dúró tì mí nígbà tí mo ń kọ ọ́.

Ní ti owó, má fi owó àpótí ránṣẹ́ sí mi, mi ò fẹ́ san owó kí n tó wọ agbo ilé ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí nǹkan kékeré bá wà lọ́wọ́ rẹ, rédíò pupa ìyá rẹ ń jẹ bátìrì bí ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń jẹ àgbàdo, òun nìkan la sì ní báyìí. Fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún bátìrì, kí o sì fi díẹ̀ lé e fún adìẹ ọjọ́ Darlington. Má fi lé ọmọbìnrin orí fóònù yẹn lọ́wọ́, mi ò fọkàn tán an. Bó bá ṣòro láti fi ránṣẹ́, mú un dání bí o bá ń bọ̀.

Ẹni tó ń ṣọ́ gbogbo mọ́tò lójú pápá tóóró kan náà yóò máa ṣọ́ ọ. Àsíá pupa kò ní dá ọ dúró lójú ọ̀nà ire. Táyà rẹ kò ní bẹ́ níbi tí kò sí olùrànlọ́wọ́. Ẹni tó wà níwájú rẹ á yà fún ọ, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ á bá ọ yọ̀, epo rẹ kò ní tán kó o tó dé ilé. Ìwọ àti ọkọ rẹ, ẹ ó rí ara yín bá sọ̀rọ̀ dọ́jọ́ alẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ, bí ẹ̀rọ kankan kò bá tako,
Virgil Stamey.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Colby Rudisill borí lánàá. Tòótọ́ ni mo wí, orúnkún mi kò sí níbẹ̀. Rédíò nìkan la tàn, a gbé e padà sórí tẹlifíṣọ̀n bó ṣe wà láyé ìyá rẹ. Ìyípo tó kẹ́yìn, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń ké bí ẹni tí agbọ́n ta, ó ní Colby ló wà níwájú, Colby ni, Colby ti gbà á. Mo wo Hoyt. Kò dìde, kò ju fìlà sókè, ó mú ẹ̀pà kan nínú abọ́, ó ń bó o. Èmi náà mú ọ̀kan. A jókòó bẹ́ẹ̀, à ń wo ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Maxine yọrí ní kíṣìnì, ó ní ṣé etí ń di yín ni, ẹ ò gbọ́ pé ó borí? Hoyt ní a gbọ́. Ó ní kó fara balẹ̀, àwòrán rẹ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ó ṣì wà lọ́dọ̀ Twila.